Ta Ló Pa Ilà Ìyá Àgbà Rẹ́?

Fọ́tò mẹ́ta ló wà lára ògiri yàrá ìgbàlejò ìyá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn. Obìnrin kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ́ dúdú àti funfun, ẹni tó yà á sì fi bírò kọ 1971 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo fi fóònù ya méjì tó kù. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ àwọn fọ́tò náà wò bí a ṣe máa ń yẹ ewì tàbí ìtàn àròsọ wò ní kíláàsì: kí ni ayàwòrán fẹ́ fi hàn wá? Kí ló lò? Ibo ló ti ṣe dáadáa, ibo ló sì ti kùnà? N kò ní fi ojú àánú wo iṣẹ́ tèmi, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà pé ọgọ́rin ọdún, ẹni tí a gbé iṣẹ́ fọ́tò fún kò tètè dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, na fóònù wọn sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru, ó yá, ya ìyá kí wọ́n tó lọ jókòó." Mo ya mọ́kànlá. Àǹtí mú èyí tó wù wọ́n jù, wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà tí wọ́n pín fún ẹbí, wọ́n sì fi ṣe férémù ńlá kan. Lọ́jọ́ tí férémù náà dé, ìyá àgbà wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè pé, "Ta nìyí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi: "Àjọkẹ́, ìwọ lo yà á. Kí lo fi ilà mi ṣe?"

Mo sún mọ́ férémù náà. Àbàjà mẹ́ta tó wà ní ìbú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́tùn-ún àti lósì, tí mo ti ń fi ìka tọ̀ láti kékeré, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè ìyá àgbà ni mo ń gbìyànjú láti dáhùn láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò 1971. Ìyá àgbà jókòó sórí àga onígi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n ró aṣọ òfì, wọ́n sì wé gèlè rẹ̀. Apá òsì ojú wọn mọ́lẹ̀, apá ọ̀tún sì ṣókùnkùn díẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè irú iná tí wọ́n tàn. Wọ́n ní kò sí iná kankan, pé ilé ìyàwòrán náà ní fèrèsé ńlá kan, ọ̀gbẹ́ni náà sì ní kí àwọn kọjú sí i díẹ̀, kí àwọn má mira. Ìyẹn nìkan ni iná tó lò. Síbẹ̀, ẹ lè ka àbàjà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè rí ibi tí okùn òwú òfì ti yọ lára aṣọ.

Kí ló fà á? Ẹni tó bá ti dé oko ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò ti rí i pé ebè kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń tàn sí i. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, tí oòrùn wà lókè orí, ṣe ni oko náà máa dà bí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bákan náà ni ojú ènìyàn rí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú gan-an wá máa ń sọ ojú di pẹrẹsẹ. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fún ohun tó jìn ní òjìji, tó sì ń jẹ́ kí ohun tó yọ mọ́lẹ̀. Ilà jẹ́ ohun tó jìn. Fèrèsé ọ̀gbẹ́ni náà ló kọ ilà ìyá àgbà sórí ìwé fọ́tò.

Kì í ṣe pé fọ́tò náà kò ní àbùkù. Ìyá àgbà dà bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló mọ̀ pé ẹ̀rín wọn máa ń dé ojúde kí àwọn fúnra wọn tó dé, ṣùgbọ́n ayàwòrán ní kí wọ́n má mira, ẹ̀rín náà kò sì sí nínú fọ́tò. Ó fún wa ní ojú wọn, kò fún wa ní ìwà wọn. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, máàkì méje nínú mẹ́wàá ni n óò fún un.

Ọgbọ́n kan náà wà lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tí ayé mọ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, bẹ̀rẹ̀ ní 1968 sí í ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa. Dúdú àti funfun ló yà wọ́n, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì yà láti ẹ̀yìn orí, láìsí ohun kan lẹ́yìn wọn tó lè gba ojú òǹwòran. Ẹni tó bá wo àwọn fọ́tò náà lè tọ ìlà irun kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ìpàkọ́. Ojeikere kú ní 2014. Àwọn irun wọ̀nyẹn ti tú tipẹ́, fọ́tò nìkan ló kù. Ohun tí mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n nìyí: fọ́tò tó dára ni èyí tó pa ohun tó máa tú mọ́ fún wa.

Ó wá kan fọ́tò kejì, iṣẹ́ tèmi. Ọ̀sán gangan ni, abẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù sì ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Oòrùn tó bá gba inú tapólì aláwọ̀ búlúù kọjá, búlúù ni yóò gbé wá sórí ènìyàn. Ìdí nìyí tí ojú àwọn àlejò fi máa ń dà bí ojú ẹni tí òtútù mú nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò òde wa. Bí kánópì bá pupa, wọ́n á pupa. Fóònù máa ń gbìyànjú láti tún àwọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá ń tún ti aṣọ ṣe, ó lè ba ti ara jẹ́.

Àṣìṣe kejì ni pé mo jẹ́ kí ìyá àgbà kọ ẹ̀yìn sí ojúde tí oòrùn ti ń ràn yòò, léèsì funfun ni wọ́n sì wọ̀. Fóònù lè má mọ ẹni tí à ń yà àfi tí a bá sọ fún un. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé ó máa wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó rí ojúde tó mọ́lẹ̀ àti léèsì funfun, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù. Ojú ìyá àgbà, tó dúdú tẹ́lẹ̀, wá ṣókùnkùn. Mo rí i, mo bá tan fíláàṣì. Fíláàṣì sì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ti iwájú gan-an wá, èyí tí mo ní ó ń sọ ojú di pẹrẹsẹ. Bí òjìji inú ilà ṣe kọ́kọ́ lọ nìyẹn.

Àṣìṣe kẹta ló parí iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ tí Àǹtí ti ra fóònù wọn ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Beauty ti wà ní títàn lórí kámẹ́rà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tàn án nínú wa, a ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wá ojú ènìyàn, kó wá gbogbo àmì àti ìlà kéékèèké tó wà lára awọ, kó sì fi àwọ̀ ara tó yí wọn ká bò wọ́n. Ẹni tó ṣe é ń ro irorẹ́ àti awọ tó hunjọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ilà lè jẹ́ orúkọ. Ó rí àbàjà, ó kà á sí àbùkù, ó sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi kún ìmọ́lẹ̀ ara wọn títí ìyá àgbà mi, tí wọ́n dúdú bí kóró iṣin, fi pupa. Fọ́tò náà dán, ó mọ́, kò sì ní ẹnikẹ́ni nínú. Máàkì méjì ni mo fún ara mi, nítorí gèlè.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló jẹ̀bi? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju fóònù lọ. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ń gbòde ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà, nítorí pé Shirley ni orúkọ obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé àwọ̀ ti pé nìyẹn. Aláwọ̀ dúdú tó bá jókòó ti aláwọ̀ funfun nínú fọ́tò kan náà lè di eyín àti ẹyinjú nìkan. Lára àwọn tí ẹ̀hónú wọn sì mú kí wọ́n tún fíìmù náà ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, nítorí pé ọjà wọn kò jáde bó ṣe yẹ. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á: ṣokoléètì ló bá wa bẹ̀bẹ̀. Ní 2021, Google gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6, kí awọ dúdú lè máa jáde bó ṣe rí. Èyí fi hàn pé àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fúnra wọn mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù.

Ṣùgbọ́n Àǹtí ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní, "Ṣé ó burú kí ìyá dán ni? Ta ni kì í fẹ́ kí fọ́tò òun dára?" N kò lè bá àgbà jiyàn lójú, ṣùgbọ́n àròkọ gbà mí láàyè láti ronú sí i. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ pàápàá máa ń mú pẹ́ńsù tó mú ṣáṣá, wọ́n á fi tún ojú ènìyàn ṣe lórí fíìmù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi náà máa ń lo filter nígbà tí irorẹ́ bá yọ sí mi níwájú orí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irorẹ́ mi ni, èmi ni mo sì ní kó lọ. Àwọn tó ń lo pẹ́ńsù lè bi oníbàárà pé kí ni ó fẹ́ kí àwọn mú kúrò. Fóònù kò bi ìyá àgbà. Èmi náà kò bi wọ́n.

Ohun tí a sọ nù sì kọjá ẹwà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kọ ilà sí ara ọmọ. Inú mi dùn sí òfin náà. Ìyá àgbà fúnra wọn ní àwọn kò gbà kí wọ́n kọ ilà fún ọmọ àwọn kankan, nítorí oró abẹ náà. N kò sọ pé ká padà síbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìran ìyá àgbà ni ìran ìkẹyìn tí a ó ti rí àbàjà lójú ènìyàn púpọ̀. Bí wọ́n bá lọ tán, inú fọ́tò nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti rí i. Bí gbogbo fóònù wa bá sì ń pa á rẹ́ láìbéèrè, àwọn ọmọ náà yóò wo ògiri wa, wọn yóò ní irọ́ ni à ń pa.

Fọ́tò kẹta ni ẹ̀bẹ̀ mi. Mo yà á ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, pẹ̀lú fóònù Àǹtí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé fóònù olówó ńlá ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi etí aṣọ òwú nu ẹyinjú kámẹ́rà, nítorí pé epo ìka lásán lè mú kí fọ́tò dà bí èyí tí kùrukùru bò. Mo wọ ibi ètò kámẹ́rà, mo pa Beauty. Mo pa fíláàṣì. Mo dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo sì bẹ ìyá àgbà kí wọ́n jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà wà ní apá òsì wọn, bí fèrèsé ọ̀gbẹ́ni 1971. Mo fi ìka tẹ ojú wọn lórí fóònù kí kámẹ́rà lè mọ̀ pé ojú yẹn ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n. Àmì oòrùn kékeré kan yọ. Mo fà á wálẹ̀ díẹ̀ títí dúdú ara wọn fi padà di dúdú tí mo mọ̀. N kò fi ìka fa àwòrán náà tóbi, nítorí pé ìyẹn máa ń mú kó rí wúruwùru. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi sún mọ́ wọn.

N kò ní kí wọ́n má mira. Ewúrẹ́ aládùúgbò yọ orí wọlé, ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, ẹ̀rín náà pé. Ó ní àbùkù o: etí gèlè wọn kò wọ inú fọ́tò tán, ike omi kan sì jókòó sẹ́yìn wọn bí àlejò tí a kò pè. Máàkì mẹ́jọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n ki oríkì ẹbí wa fún mi, kí n fi fídíò gbà á sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe é nínú yàrá lábẹ́ gílóòbù, ṣùgbọ́n ìlà dúdú ń sáré kọjá lójú fídíò náà. Mo padà wádìí rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Físíìsì. Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ 50Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ojú wa kò tilẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ fóònù sì máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún fídíò. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 30, kò pé. Ẹ pín in sí ọ̀nà 25, ó pé mẹ́rin géérégé. Nítorí náà, bí fóònù yín bá ní 25, tàbí ó ní ibi tí a ti lè yan 50Hz, ẹ yàn án. Tèmi kò ní. Mo pa iná, a padà sí ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò ṣẹ́jú. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tẹ ojú wọn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí kámẹ́rà fi ti òṣùwọ̀n rẹ̀ pa, kí ojú wọn má baà máa mọ́lẹ̀, kó máa ṣókùnkùn, nígbàkígbà tí wọ́n bá mi orí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oríkì náà gbà, ojú wọn kò sì yí padà.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ pa ojú rẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú fọ́tò wá sí kíláàsì bí ẹ ṣe ń mú ewì wá, kí ẹ sì bi wá pé kí ni wọ́n mú kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ wọ ibi ètò kámẹ́rà yín lálẹ́ òní, kí ẹ wò ó bóyá Beauty ti wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Fọ́tò kejì ṣì wà lára ògiri, nítorí pé Àǹtí ní owó kékeré kọ́ ni àwọn fi ṣe férémù náà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí kẹta wà. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, wọ́n fi ìka tọ àbàjà wọn lórí gíláàsì náà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ní, "Èmi rèé. Gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà."